Ta ló ń pín ẹran inú igbó? Àlàyé fún ẹni tó fẹ́ lọ dọdẹ àgbọ̀nrín elétí ìbaaka ní Amẹ́ríkà

Ìparí oṣù karùn-ún ni àbúrò mi kan tó ń gbé ní Houston fi àwòrán ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìpínlẹ̀ Colorado ló kọ ọ́ sí i: ìwé àṣẹ ọdẹ tó béèrè fún kò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ohùn tó fi tẹ̀ lé e kò gùn rárá. "Ẹ̀gbọ́n, owó wà lọ́wọ́ mi, ìbọn wà, mo ti gbàyè níbi iṣẹ́. Wọ́n ní kò kàn mí. Ṣé àwọn kan ló ń jókòó pín ẹran inú igbó ni?"

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwọn kan ló ń jókòó pín in, òfin ni wọ́n sì fi ń pín in. Ohun tí kò yé àbúrò mi yìí ni kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ti ilé wá. Nílé, ọdẹ tó bá fẹ́ pa ẹtu tàbí àgbọ̀nrín, ibi tí ẹran ń gbà kọjá ló ń wá. Á wo ipasẹ̀, á wo ìgbẹ́ ẹran, á béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ẹran ń ba oko rẹ̀ jẹ́. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ìbéèrè yẹn ló gbẹ̀yìn. Èyí àkọ́kọ́ ni pé: níbo ni wọ́n á ti gbà kí n wọgbó, lọ́dún wo? Ẹni tó bá to ìbéèrè wọ̀nyí bó ṣe yẹ á rí ibi lọ láìpẹ́. Ẹni tó bá dorí wọn kodò á máa san owó fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún, ilé ni yóò sì jókòó sí.

## Ẹran wo là ń sọ?

Mule deer ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Deer ni àgbọ̀nrín; mule ni ìbaaka, ọmọ tí ẹṣin bí fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Etí ló sọ ọ́ lórúkọ. Etí náà tóbi, ó fẹ̀, ó sì lè yí ọ̀kan síwájú kó yí èkejì sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 1804, nígbà tí Lewis àti Clark, àwọn arìnrìn-àjò tí ìjọba Amẹ́ríkà rán, ń gba ojú odò Missouri lọ sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n pàdé ẹran yìí lọ́nà, orúkọ tí Lewis sì fún un la ń pè é títí dòní.

Ó ní ìbátan kan tó pọ̀ ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, àgbọ̀nrín onírù funfun. Ẹ má ṣì wọ́n mú, torí pé níbòmíràn, ìwé tó gba ọ̀kan kò gba èkejì. Ẹ wo ìwo wọn. Ìwo onírù funfun jẹ́ ọ̀pá kan tó gùn lọ, tí ẹ̀ka ń yọ lórí rẹ̀ bí eyín ìyarun. Ti elétí ìbaaka là sí méjì bíi pàlàká igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì tún yọ pàlàká tirẹ̀. Ìrù rẹ̀ tín-ín-rín, dúdú sì ni ṣóńṣó rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sáré bí ẹran yòókù. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan, tí á tún fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀. Tó bá dé góńgó òkè, ó sábà máa ń dúró wẹ̀yìn wò kó tó fò kọjá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ti rí tirẹ̀ pa nìyẹn.

Láti ìwọ̀-oòrùn Nebraska àti Dakota méjèèjì títí dé etí òkun Pásífíìkì, láti Kánádà wọ inú Mẹ́síkò, ibẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀. Ibi gbangba ló fẹ́: orí òkè, aginjù, pápá tí igi sagebrush kúkúrú bò, tí òórùn rẹ̀ máa ń ta sánsán lẹ́yìn òjò. Nítorí náà, ojú ni wọ́n fi ń dọdẹ rẹ̀. Ọdẹ á gun orí òkè kan nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, á jókòó, á gbé awò olójú méjì sójú, á sì máa yẹ ẹ̀gbẹ́ òkè òdìkejì wò fún wákàtí mélòó kan. Kò sí iná orí níbẹ̀ o. Ọdẹ òru tí a mọ̀ nílé, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọ̀nyí, láti ààbọ̀ wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni àyè yìnbọn.

## Ta ló ni ẹran náà?

Onílẹ̀ kọ́ ló ni ẹran ìgbẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló sì ń pín àgbọ̀nrín. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, bí ìlú mẹ́wàá tí wọ́n pààlà, tí ọba kọ̀ọ̀kan sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Wyoming lè jẹ́ ẹ̀sùn ní Colorado.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Láísẹ́ǹsì ni ìwé tó ní ẹ lè dọdẹ ní ìpínlẹ̀ náà. Táàgì ni ìwé ẹran kan ṣoṣo, tí ẹ ó so mọ́ ọn lára bí ẹ bá ti pa á. Táàgì kan, ẹran kan, ó parí. Yúnìtì ni ẹ̀ka igbó tí táàgì náà bá mu: ìpínlẹ̀ ti gé ilẹ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó fi nọ́ńbà tàbí orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó sì gba táàgì yúnìtì kan kò lè ré kọjá lọ sí èkejì. Ọ̀rọ̀ kẹrin ni kèké. Bí àwọn tó ń béèrè bá pọ̀ ju táàgì lọ, kọ̀ǹpútà ìpínlẹ̀ á ṣẹ́ kèké. Kèké yẹn ló ré àbúrò mi kọjá.

Táàgì tún ń sọ ohun tí ẹ máa fi pa á: ọfà, ráífù, tàbí ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ kì ní ẹ̀tù. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ṣakabùlà bàbá wa ni, ó ní sáà tirẹ̀ ní Colorado nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn oníráífù kò tíì wọgbó, àwọn tó sì ń béèrè fún un kò pọ̀ tó àwọn oníráífù.

Ẹ fi sọ́kàn pé àlejò ni ẹ ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí ẹ kò gbé. Ọmọ onílé ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú táàgì, owó táṣẹ́rẹ́ ló sì ń san. Ní Colorado, ìwé àgbọ̀nrín àlejò ń lọ sí bí ìlọ́po mẹ́wàá ti ọmọ onílé.

## Póíǹtì: ṣé ìlà epo ni àbí orúkọ inú igbá?

Ibi tí orí ń dà rú jù nìyí, n ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́.

Lọ́dún tí ẹ bá béèrè táàgì tí ẹ kò rí i gbà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ á fún yín ní póíǹtì kan, bí ẹ̀rí pé ẹ ti ń dúró. Ohun tí wọ́n ń fi póíǹtì náà ṣe ló yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ọ̀nà kìíní dà bí ìlà ilé epo nígbà ọ̀wọ́n. Ẹni tó ti pẹ́ jù lórí ìlà ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Irú èyí ni Colorado ń lò: ẹni tí póíǹtì rẹ̀ pọ̀ jù á gbà, ẹni tó tẹ̀ lé e á gbà, títí táàgì á fi tán. Ẹni tó bá ti gbà á, póíǹtì rẹ̀ á padà sí òdo. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹ lè ṣírò rẹ̀. Bí yúnìtì kan bá gba póíǹtì 3 lésìí, ẹni tó ní 4 lónìí mọ ibi tí òun dúró sí. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ìlà ń gùn sí i nígbà tí epo inú táńkì kò pọ̀ sí i. Yúnìtì tó ń gba póíǹtì 8 lónìí lè ti máa gba 11 nígbà tí tiyín bá fi máa pé 8. Ẹ sáré dé ibi tí ẹ dá, wọ́n ti gbé ibẹ̀ síwájú. Mo mọ àwọn tó ti fi ọdún tó pọ̀ lépa yúnìtì kan báyìí, orúnkún wọn sì ti ń dùn wọ́n kí ìlà tó kàn wọ́n.

Ọ̀nà kejì dà bí orúkọ tí a kọ sórí pépà tí a jù sínú igbá. Gbogbo èèyàn ló ní orúkọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ti pẹ́ pọ̀ ju ti ẹni tuntun lọ. Ní Nevada, wọ́n ń fi iye póíǹtì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: ẹni tó ní póíǹtì 5 á ní pépà 25 nínú igbá, àti ọ̀kan ti ọdún yẹn, ó di 26. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ẹyọ kan. Ọwọ́ ṣì lè bá ẹyọ kan yẹn. Ẹni tó ní àádọ́ta pépà náà sì lè máà rí i gbà títí ayé.

Àwọn kan da méjèèjì pọ̀. Ní Wyoming, nínú táàgì àgbọ̀nrín tó jẹ́ ti àlejò, 75 nínú 100 ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà níwájú ìlà, wọ́n á sì ju 25 yòókù sínú igbá fún gbogbo èèyàn. Idaho àti New Mexico kò ní póíǹtì rárá. Ẹni tó béèrè lónìí àti ẹni tó ti ń béèrè láti ogún ọdún, ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n New Mexico ti pín igbá rẹ̀ kó tó dé orí kèké: 84 nínú 100 fún ọmọ onílé, 10 fún ẹni tó ti bá atọ́nà tó ní ìwé àṣẹ ṣàdéhùn, 6 péré fún àlejò tó ń dá lọ.

Ọgbọ́n kan wà ní Colorado tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè mẹ́rin fún ibi tí ẹ fẹ́. Bí ẹ bá gba táàgì lórí èyí tí ẹ kọ sí àyè kejì, póíǹtì yín kì í lọ. Àyè kìíní nìkan ló ń jẹ póíǹtì. Nítorí náà, ẹ lè kọ ibi tí ẹ ń lá sí àyè kìíní, kí ẹ kọ yúnìtì tí kò gba póíǹtì sí àyè kejì, kí ẹ sì wọgbó lọ́dún kan náà tí póíǹtì yín ń pọ̀ sí i. Àbúrò mi fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo.

## Ìpínlẹ̀ wo ló bá ta mu?

Ẹni tó fẹ́ lọ láìpẹ́, tí ẹran kékeré tàbí ńlá kò dà á láàmú, Colorado ni mo ń kọ́kọ́ dárúkọ fún. Àgbọ̀nrín wọn pọ̀, láti ọdún 1999 sì ni wọ́n ti fi òǹkà sí gbogbo táàgì elétí ìbaaka, kí igbó má baà kún ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn yúnìtì kan níbẹ̀ kò gba póíǹtì kankan, àwọn mìíràn ń gba ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Wyoming dára fún ẹni tó lè fi ọdún díẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ti kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Àwọn igbó kan wà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ wọ̀, wilderness ni wọ́n ń pè é. Àlejò kò gbọ́dọ̀ dá dọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀. Àfi kó mú atọ́nà tó ní ìwé àṣẹ dání, tàbí ọmọ onílé tó gba ìwé àtibá a lọ. Ẹ wo máàpù kí ẹ tó béèrè, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á.

Montana ṣí igbó rẹ̀ pẹ́, àwọn oníráífù ti ń wà lóko dé ìparí oṣù kọkànlá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn ìgbà tí akọ ń wá abo tí ojú rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Ó rọrùn láti rí akọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó rọrùn, ọ̀pọ̀ akọ kì í dàgbà kí wọ́n tó pa wọ́n.

Utah, Nevada àti àríwá Arizona ni ilé àwọn akọ oníwo ńlá tí ẹ ń rí nínú àwòrán. Henry Mountains àti Paunsaugunt ní Utah, Arizona Strip lókè Grand Canyon: bí ẹ bá dárúkọ wọn láàárín ọdẹ, gbogbo wọn á dákẹ́. Mo máa sọ èyí láìfi bò: ẹni tó ti lé ní 50 ọdún tí kò tíì ní póíǹtì kan, mi ò gbà á níyànjú kó fi àwọn ibẹ̀ ṣe ìpinnu. Kó máa fi ẹyọ pépà kan sínú igbá lọ́dọọdún bó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó ní ibòmíràn tó ń lọ.

Ní ti àwa tí a pọ̀ ní Houston àti Dallas, Texas fúnra rẹ̀ ní elétí ìbaaka ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ń pè ní Trans-Pecos, àti lápá òkè ní Panhandle. Kò sí kèké fún ìwé rẹ̀, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wà lórí ilẹ̀.

## Ilẹ̀ ta lẹ dúró lé?

Ní Texas, ó lé ní 95 nínú ilẹ̀ 100 tó jẹ́ ti aládàáni. Ẹ lè ní ìwé àṣẹ lápò kí ẹ má sì ní ibi tí ẹ máa gbẹ́sẹ̀ lé, àfi tí ẹ bá sanwó fún onílẹ̀. Owó yẹn sì lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ní Nevada, òdìkejì rẹ̀ ló wà: nǹkan bí 80 nínú 100 ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹnikẹ́ni tó ní táàgì lè wọ̀ ọ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ṣoṣo tó ń bójú tó ilẹ̀, BLM, ló ń ṣàkóso nǹkan bíi mílíọ̀nù 245 éékà káàkiri, láìka àwọn igbó ìjọba tó wà lábẹ́ àjọ mìíràn. Ìdí nìyí tí ọdẹ kan láti New York tí kò ní ilẹ̀ kankan fi lè pàgọ́ sí ìwọ̀-oòrùn fún ọjọ́ mẹ́wàá láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìjọba lè wà kí ọ̀nà má wọ̀ ọ́. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, ìjọba fún àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ojú irin: máìlì kan níbùú àti lóòró fún rélùwéè, èyí tó kàn án fún ìjọba, bẹ́ẹ̀ lọ títí. Ẹ wo pátákó dráàfù, ilẹ̀ náà rí gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ta ti rélùwéè fún àwọn olówó. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ ìjọba kan, tó fẹ́ bọ́ sórí èkejì, igun nìkan ni méjèèjì ti kanra. Ṣé ó lè gba igun yẹn kọjá láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ onílẹ̀?

Lọ́dún 2021, ọdẹ mẹ́rin láti Missouri gbé àkàbà dání lọ sí Elk Mountain ní Wyoming, wọ́n fi gun orí igun náà kọjá. Ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀ onílẹ̀ rárá. Onílẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́, ó ní afẹ́fẹ́ òkè ilẹ̀ òun ni wọ́n kọjá. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àgbègbè náà dá àwọn ọdẹ láre, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti tún un gbọ́. Ìdájọ́ yẹn múlẹ̀ ní Wyoming, Colorado, Utah, New Mexico, Kansas àti Oklahoma. Kò dé Montana. Ẹ má fi ohun tó tọ́ ní Wyoming ṣe àwíjàre ní Montana.

Kí ẹ tó yan yúnìtì, ẹ gba áàpù máàpù tó ń fi àwọ̀ sọ ilẹ̀ ìjọba àti ilẹ̀ onílẹ̀ sọ́tọ̀. OnX ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lò. Bí àwọ̀ onílẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí táàgì ibẹ̀ fi rọrùn láti gbà.

## Ìgbà wo ni ẹran wà níbẹ̀?

Àgbọ̀nrín yìí kì í jókòó sójú kan bí ẹtu ilé wa. Ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, àwọn akọ wà lókè téńté, níbi tí igi kò lè hù mọ́, ìwo wọn ṣì wà nínú awọ onírun múlọ́múlọ́. Ní Colorado, ibẹ̀ lè ga tó mítà 3,500. Ẹni tó bá ti etí òkun Houston dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, orí á fọ́ ọ, èémí á ké e. Kó fún ara rẹ̀ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta kó mọ́ ọn lára. Ní oṣù kẹwàá, àwọn akọ á sá wọ inú igi tó ṣú, wọn kì í sì í jáde lọ́sàn-án. Ìgbà yẹn ló le jù, ìgbà yẹn náà ni táàgì pọ̀ jù. Láti àárín oṣù kọkànlá ni wọ́n ń jáde wá abo. Ní aginjù gúúsù Arizona, ó máa ń pẹ́ di oṣù kejìlá àti oṣù kìíní.

Yìnyín ló ń lé wọn wálẹ̀. Ní Wyoming, Hall Sawyer, onímọ̀ nípa ẹran ìgbẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ẹ̀rọ mọ́ àgbọ̀nrín lọ́rùn, wọ́n rí i pé àwọn kan ń rin nǹkan bíi kìlómítà 240 láti Red Desert dé Hoback, tí wọ́n á tún padà. Abo kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 255 lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó rin nǹkan bí 390 kìlómítà títí wọ Idaho.

Mo ti fi ojú ara mi rí ohun tí èyí ń ṣe fún ọdẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó sórí òkè kan lọ́dún kan tí mi ò rí ju abo méjì lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, yìnyín rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ipasẹ̀ lórí funfun náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì lójú ọ̀nà tóóró kan, bí ipasẹ̀ ewúrẹ́ tó ń bọ̀ láti oko. Gbogbo wọn ló dojú kọ ìsàlẹ̀. Wọ́n ti gba iwájú àgọ́ mi kọjá nígbà tí mo sùn. Yúnìtì tí wọ́n ń lọ kì í ṣe tèmi. Mo ṣì lè rí ẹ̀yìn pápá ibẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí, táàgì mi kò sì dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má béèrè pé "ṣé ẹran wà ní yúnìtì yìí?" Ẹ béèrè pé "ṣé ẹran wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí táàgì mi ṣí?"

## Kí ló dé tí ibi tó lókìkí fi lè ṣófo?

Nígbà òtútù 2022 sí 2023, yìnyín bo ìwọ̀-oòrùn Wyoming àti àríwá-ìwọ̀-oòrùn Colorado mọ́lẹ̀, kò sì tètè lọ. Nínú agbo Wyoming Range, tó lókìkí káàkiri, àwọn abo tí wọ́n ti so ẹ̀rọ mọ́ lọ́rùn kú ju ìdajì lọ, àwọn ọmọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ìpínlẹ̀ méjèèjì gé táàgì wọn kù. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ọdún 2018 láti fi yan ibẹ̀, agbo tí kò sí mọ́ ló ń lọ bá. Agbo tó pàdánù ọmọ ọdún kan kò ní ní akọ ọlọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lórí Kaibab, òkè pẹrẹsẹ kan ní Arizona, Theodore Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fi ibẹ̀ ṣe igbó ìpamọ́ lọ́dún 1906, wọ́n lé ọdẹ, wọ́n sì ń pa ẹkùn òkè àti ìkookò. Àgbọ̀nrín bí sí i, wọ́n jẹ ewé títí dé ibi tí ẹnu wọn lè nà dé. Nígbà tó fi di òtútù ọdún 1924, ebi ló ń pa wọ́n kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Lónìí, Kaibab wà lára ibi tí ọdẹ ń fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró kó tó wọ̀.

Òǹkà tó wúlò jù fún yín ni iye akọ sí 100 abo, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ń kà lẹ́yìn sáà ọdẹ. Wyoming fi 20 sí 29 ṣe ìwọ̀n fún igbó tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn púpọ̀ wọ̀, 30 sí 45 fún èyí tí wọ́n ń ṣọ́ kí akọ lè dàgbà níbẹ̀. Òǹkà náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ka ti ọdún mẹ́ta tẹ̀léra, kí ẹ wo ibi tó ń lọ.

## Ìwé wo ló yẹ kó wà lọ́wọ́ àwa tí a ti ilé wá?

Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú, green card, lè ní ìbọn. Ẹni tó wà lórí físà ìgbà díẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè láti mú ìbọn dání, àfi tó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sì wà lára wọn. Ìwé ọdẹ yẹn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kí ọwọ́ tó kan ìbọn, àní ìbọn ọ̀rẹ́ yín pàápàá. Bí nǹkan kan bá rú yín lójú nínú èyí, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ òfin ni.

Ẹ̀kọ́ ọdẹ náà wà. Ní Colorado, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1949 gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ náà hàn kó tó ra ìwé ọdẹ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́ ní ìbọn láti kékeré gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ nígbà òtútù, kó má di pé oṣù kẹta ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kíláàsì.

## Ẹran tí ẹ pa, ṣé ó ṣeé jẹ?

Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní CWD. Ó ń jẹ ọpọlọ àgbọ̀nrín, ẹran náà á rù kan eegun, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ìwòsàn. Colorado ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, lára àwọn elétí ìbaaka tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí lọ́dún 1967; ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Wọn kò tíì rí i lára èèyàn, ṣùgbọ́n àjọ ìlera CDC ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní in. Ẹran tó ní in sì lè sanra, kó máa fò, láìfi nǹkan kan hàn. Ní yúnìtì tí àrùn yìí bá wà, ẹ gbé orí ẹran lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ dúró de èsì kí ẹ tó dáná. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò gbà kí wọ́n gbé ọpọlọ àti eegun ẹ̀yìn wọlé láti ìta, nítorí náà, ẹ gé ẹran kúrò lára eegun níbẹ̀.

Èyí náà wà lára ohun tí ẹ máa fi yan ibi. Láti Trans-Pecos dé Houston, bíi wákàtí mẹ́sàn-án ni lójú ọ̀nà. Láti àríwá Nevada, ó ju ọjọ́ kan àbọ̀ lọ. Ẹ ronú ibi tí ẹ máa ti rí yìnyín fi sínú kúlà.

## Ibi tí àbúrò mi bá ọ̀rọ̀ dé

A jókòó sórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú kan, a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́jọ lọ́dún, kò tíì gun òkè rí, kò fẹ́ lò ju owó tó ti kó pamọ́ lọ, ìwo ńlá kò sì jẹ ẹ́ lógún tó ẹran tó máa gbé wálé. A yọ Henry Mountains kúrò. A yọ àwọn òkè gíga oṣù kẹsàn-án náà kúrò. Ó kù yúnìtì méjì ní Colorado fún oṣù kọkànlá, tí ilẹ̀ ìjọba ti pọ̀ tí póíǹtì kò sì pọ̀, àti onílẹ̀ kan ní Trans-Pecos fún ọdún tí kèké kò bá ti bọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, ó pe ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ẹran ìgbẹ́ ní Colorado. Nọ́ńbà wọn wà nínú ìwé òfin, wọ́n sì ń gbé ìpè. Èyí ló yà á lẹ́nu jù. Ó béèrè bí òtútù tó kọjá ṣe rí, oṣù tí ẹran ń sọ̀ kalẹ̀, àti ọ̀nà wo ni yìnyín ń dí. Obìnrin tó bá a sọ̀rọ̀ dárúkọ àfonífojì kan fún un, ó ní kó wo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí gúúsù ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti sàmì sí i lórí máàpù rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin ni Colorado sábà máa ń ti ìlẹ̀kùn fọ́ọ̀mù. Ó ti kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀.